Ìyálóde Wọ Aṣálẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlé

Màmá pè sórí fóònù ọkọ mi láti Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo gbé e, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ìyá ọkọ mi. Wọn ò kí mi pẹ́. Ẹ kú ilé, gbé fóònù fún Bóyè. Adégbóyèga ni, ọkọ mi, bàbá Zion. Àwọn nìkan ló ń pè é ní Bóyè. Mo gbé e fún un. Ó tẹ spíkà torí kì í rí bọ́tìnnì dáadáa mọ́, bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sí mi létí nìyẹn.

Wọ́n ti kun yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa fà á lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Láyíwọlá, àbíkẹ́yìn wọn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì l'Ékòó, ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni yóò mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bọ̀ wálé. Kí ló fẹ́ máa ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ojú tó ń kú lọ? Ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀? Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù, tí kì í gbélé?

Tí kì í gbélé. Ta ló ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti lálẹ́? Ta ló ń gé èékánná ẹ̀? Mo bu ìrẹsì, mo tún dà á padà sínú ìkòkò.

Bàbá Zion ní òun gbọ́. Kò ní òun ò lọ. Àkọ́bí ni, kò lè wo ojú ìyá ẹ̀ kó ní rárá, kò sí èyí tó lè ṣe é nínú àwọn ọmọ wọn. Ohun tó sọ ni pé aṣálẹ̀ tí àwọn fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á kọ́kọ́ lọ ọ́ ná. Kí Láyíwọlá bá àwọn lọ, kó fojú ara ẹ̀ rí bí òun ṣe ń gbé ayé òun, kó wá ròyìn fún Màmá. Màmá ní ta ni yóò wa ọkọ̀? Ó ní Fúnmi ni, èmi nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Mi ò sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Glaucoma ni. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Èyí tó kù lósì, bí ẹni ń yọjú wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Láti ìgbà tó ti dé Texas gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń sọ pé òun máa rí aṣálẹ̀ Big Bend kí òun tó kú. Iṣẹ́ ò jẹ́. Nígbà tó máa fi ra ọkọ̀ tó lè gun òkúta — fóò-wíìlì, dúdú, gíga, mo sọ ọ́ ní Ìyálóde — ojú ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, ó fi wíwa ọkọ̀ sílẹ̀. Ìyálóde jókòó sí gáréèjì wa ní Cypress, eruku bò ó.

Èmi ni mo gbé e jáde. Mo lọ kọ́ ọ. Gbogbo Àbámẹ́ta tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, lọ́dọ̀ Paul, bàbá òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ nínú iyanrìn àti lórí òkúta. Paul ní nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́ lọ́dún tó kọjá, èmi ni ọwọ́ mi rọ̀ jù. Mo ń kọ ọ́ síbí torí tí mo bá sọ ọ́ síta wọ́n á ní mò ń yangàn. Mò ń yangàn.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Dókítà Hafsah tún wo ojú náà. Ó lè pẹ́, ó lè má pẹ́. Ó ní ohunkóhun tí Bàbá Zion bá fẹ́ rí, kó tètè lọ rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Eyínfúnjowó dé.

Láyíwọlá náà ni. Orí ìwé yìí nìkan ni mo ti ń kọ orúkọ ẹ̀. Ọmọ kékeré ni lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn, ikun ń ṣàn nímú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bí i sílé kí n tó dé, ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Mo wo ẹnu ẹ̀, eyín ẹ̀ funfun báláú, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i, tòun tikun. Ó ti di ọ̀gá báyìí, ó ti yọ ikùn. Mo kúnlẹ̀ fún un ní airport lónìí, láàárín àwọn òyìnbó, bàtà nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀ mi. Ó yára gbé mi dìde, ó dì mọ́ mi.

Èèyàn dáadáa ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Mi ò rí ibi mú un.

Ó yí Ìyálóde po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, Ìyàwó wa, èmi ni n ó máa bá yín wà á, Prado ni mò ń lò l'Ékòó. Dírẹ́bà ló ń wa Prado yẹn. Mo mọ orúkọ dírẹ́bà náà. Mi ò fèsì.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

Wọ́n gbàdúrà ìrìn àjò fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sister Delight fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé kò sí ọkùnrin tó máa wa ọkọ̀ ni. Mo ní ọkùnrin méjì ló ń bá mi lọ. Ó ní ẹn-ẹ́n, a dúpẹ́. Mo ní ìjókòó tiwọn ti wà nílẹ̀, kó má ṣèyọnu.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Ẹrù dídì. Omi ló gba ẹ̀yìn ọkọ̀ jù. Eyínfúnjowó béèrè bóyá omi la fẹ́ lọ máa tà níbẹ̀. Ṣọ́bìrì, pọ́ǹpù táyà, pátákó oníhò méjì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì. Ẹran díndín, ìrẹsì, gààrí — Bàbá Zion ní ibi tómi bá wà, gààrí ò ní já èèyàn kulẹ̀. Oògùn ojú nínú kúlà kékeré, mo gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ ara mi, mi ò fún ẹnikẹ́ni.

Zion pè láti yunifásítì. Yorùbá ẹ̀ ò ju ẹ káàárọ̀ àti ebi ń pa mí lọ. Ó kàn ń sọ pé "Mummy, ẹ jọ̀ọ́," léraléra. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí sí. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé bàbá òun lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé. Fort Stockton

Àárọ̀ kùtùkùtù la gbéra. Nígbà tí a dé Energy Corridor lórí freeway, Bàbá Zion ní ṣé a ti dé ọ́fíìsì òun. Mo ní òun la ń kọjá yìí. Ó juwọ́ sí i, lápá òdì. Mi ò tún un ṣe.

San Antonio. Lẹ́yìn ẹ̀ òkè, lẹ́yìn òkè igi ń kúrú, ń kúrú, títí tó fi di ẹ̀gún lásán. Ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ. Ọkọ̀ ńlá ńlá ń kọjá wa, wọ́n ń mì wá. Eyínfúnjowó sùn, ó lanu sílẹ̀. Ó jí, ó béèrè bóyá ó ti rẹ̀ mí, ó tún sùn.

Láti Cypress dé ibí, ọwọ́ mi nìkan. Àní, ọmọ ta ni mí? Bàbá mi wa agbégilódò láti Iléṣà dé Ṣágámù nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ ọ̀nà, igi ìrókò lẹ́yìn, orin lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa Màmá sọ fún àbúrò wọn létí mi pé ọmọ dírẹ́bà ni Bóyè fẹ́. Wọ́n rò pé wọ́n bú mi.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé. Nínú aṣálẹ̀

Fóònù kú láti ọ̀sán. Mọ́tò kan ṣoṣo la pàdé látìgbà tí a ti kúrò lójú títì.

Kí a tó wọ ibi òkúta, mo sọ̀ kalẹ̀, mo yọ afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí tí wọ́n fi rọ̀. Eyínfúnjowó dìde fùú, ó ní ṣé mo fẹ́ ba táyà jẹ́ ni. Mo ṣàlàyé. Táyà tó rọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn bí ẹsẹ̀ ràkúnmí, èyí tó bá le á gbẹ́ kòtò fúnra ẹ̀. Ó ní ó dáa. Ojú ẹ̀ ò sọ pé ó dáa.

Ibì kan wà tí òkúta tò bí àtẹ̀gùn. Mo fi sí géà tó rẹlẹ̀ jù, mo jẹ́ kí Ìyálóde máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò bá a jà. Eyínfúnjowó di irin mú lókè orí ẹ̀, ó ń ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà láti òkè délẹ̀. Bàbá Zion ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo gùn ún dé òkè láìfi ìdí ọkọ̀ kan òkúta kankan. Paul ìbá wà níbẹ̀.

Bàbá Zion ní kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ihò kékeré tó kù fún un yẹn ló fi ń wo òkè, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé ní ìlà-ìlà. Pupa, ó ní. Ibí yìí pupa. Ibí dúdú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ojú sún mọ́ òdòdó kékeré kan títí imú ẹ̀ fi kàn án. Ó ní aláwọ̀ aró ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò bi mí, òun ń sọ fún mi ni.

A pàgọ́ síbẹ̀. Òtútù ń mú gan-an. Inú mi dùn ju kí n máa kọ ìwé lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Iyanrìn wà nínú eyín mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ jí. Ire ló ní lọ́kàn, mo mọ̀. L'Ékòó táyà tó rọ̀, ìtìjú ni, gbogbo ojú ọ̀nà á máa nawọ́ sí ẹ, ọ̀gá, táyà yín ti lọ. Kí n tó jáde nínú àgọ́ ó ti fi pọ́ǹpù mi fún afẹ́fẹ́ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n le gbagidi bí àgbọn. Ó ń nu ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá na ọwọ́ sí mi níwájú Bàbá Zion. Ìyàwó wa, ó ti rẹ̀ yín, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ sinmi.

Mo rí táyà. Bàbá Zion ò rí i. Mo sì mọ̀ pé odò gbígbẹ kan wà níwájú, mo ti wo àwòrán ilẹ̀ náà. Kí ni ìyàwó ń sọ fún ọkọ tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, eékún mi tẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, àwọn táyà yẹn. Ó ní òun ti ṣe wọ́n. Mo so bẹ́líìtì mọ́ra.

Odò náà fẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ẹ̀, iyanrìn ẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Èèyàn kì í dúró láàárín irú ẹ̀. Ó dúró láàárín ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó tẹ bíréèkì, ó wá tẹ iná. Táyà ń ké, iyanrìn ń fò lọ sókè, Ìyálóde jókòó lórí ikùn.

Ó ní ká gbàdúrà. A gbàdúrà. Bí a ṣe ṣe àmín tán ó tún tẹ iná, a tún rì sí i. Mo wo Bàbá Zion. Ó jókòó jẹ́jẹ́ níwájú, ó ká ọwọ́ lé itan, bí ẹni tí wọ́n ti fà lọ́wọ́ dé balùwẹ̀ tán. Mo rí yàrá tí wọ́n kùn yẹn. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ ní Ìjẹ̀bú: aṣálẹ̀ ni obìnrin yẹn fẹ́ pa á sí.

Mo ní, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n ní sùúrù. Ó tún gbé ẹsẹ̀ lé iná.

Mo ní, Láyíwọlá, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn.

Mi ò sọ orúkọ yẹn jáde rí látọjọ́ tí mo ti di ìyàwó wọn. Ó yí ọrùn wò mí, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀.

Mo yọ afẹ́fẹ́ táyà padà. Mo gbé ṣọ́bìrì fún un, mo ní kó kó iyanrìn kúrò lábẹ́ ikùn ọkọ̀, ó ń kó o, tòun ti bàtà funfun ẹ̀. Bàbá Zion sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, ó ti apá bọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fọwọ́ kàn án kiri. Ó ní ibi tí à ń gbẹ́ kọ́ ni wàhálà wà. Irin ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló jókòó lé òkúta, ẹ gbẹ́ ibẹ̀. Àwa méjì tójú wa ń ríran, a ò rí òkúta yẹn. Ẹnjiníà ni ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kun yàrá mọ̀. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ́ pátákó méjèèjì sábẹ́ táyà, ó lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yá, Fúnmi.

Mo jókòó síbi ìjókòó mi. Mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ìyálóde mì, ó ronú díẹ̀, ó gbéra bí aboyún tó ń dìde nílẹ̀. Mi ò dúró, mi ò wẹ̀yìn, àfìgbà tí mo dé orí òkúta lódìkejì.

Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ rìn kọjá wá bá mi, Bàbá Zion di èjìká àbúrò ẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta. Mo ní ẹ má bínú, mo pè yín lórúkọ. Eyínfúnjowó ṣí ike omi. Ó mu omi, omi tó ní mo fẹ́ lọ tà, ó mu ún pẹ́. Ẹ̀yìn ló jókòó sí títí di àṣálẹ́.

Mo gbé wa jáde. Mo tún lè ti fi ẹnu kan náà gbé ọkọ mi fún àwọn ará Ìjẹ̀bú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

Ó rí i.

Santa Elena. Ògiri òkúta méjì ga dé ọ̀run, odò láàárín, Mẹ́síkò lápá kan, àwa lápá kejì. Bàbá Zion bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi, ó ń gbé orí sókè, ń gbé e sókè, títí fìlà ẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Mi ò ṣà á. Mo kàn dúró tì í. Ó ní, ó tóbi ju ojú mi lọ, Fúnmi, ṣùgbọ́n mo ti rí gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Pé wọ́n á tọ́jú òun ní Ìjẹ̀bú bí ẹyin. Ẹnikẹ́ni ò sì ní bi òun ní nǹkan kan mọ́, wọn ò ní ní kí òun wá wo òkúta tó há. Pé òun ò fẹ́ lọ. Pé bí Màmá bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa lọ. Ó wá kù sí ohun tí Láyíwọlá bá lọ sọ.

Eyínfúnjowó wà létí odò, ó ń sọ òkò sínú omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Cypress. Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́, ó dàárọ̀. Ohun tí Eyínfúnjowó sọ lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé

Sister Delight béèrè níwájú gbogbo èèyàn pé ta ló wa ọkọ̀. Mo ní èmi ni, lọ àti bọ̀. Mo yọ odò gbígbẹ kúrò nínú ẹ̀. Eyínfúnjowó ń wo bàtà ẹ̀.

Lọ́sàn-án ó gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ń rìn sókè sódò, ó ń fi ọwọ́ júwe nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo ń fọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó wọlé, ó ní Màmá kí mi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì béèrè, agídí mi ò jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Mò ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí fóònù dún. Fóònù tèmi. Màmá. Wọn ò pe nọ́ńbà mi rí àfi lọ́jọ́ tí bàbá mi kú.

Wọ́n ní Láyíwọlá ti rojọ́ tán, kí èmi náà sọ tẹnu mi. Ṣé òótọ́ ni pé mo pe ọmọ àwọn lórúkọ? Mo ti wà lórí eékún kí n tó mọ̀, èmi nìkan ní kíṣìnì, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo ní òótọ́ ni mà, ẹ má bínú mà. Mo wá fi kún un pé bí ọkọ̀ náà bá tún rì lọ́la, màá tún pè é. Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá, ṣùgbọ́n mi ò kó o jẹ.

Mò ń gbọ́ fáànù tó ń han ní yàrá wọn. Wọ́n ní, o ní kó bọ́ sílẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó sì bọ́? Mo ní ó bọ́.

Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n gbé àwọn wọlé, bàbá Bóyè ra Peugeot, ó ń gbé àwọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́yìn òjò. Afárá kékeré kan ti já níwájú. Ọkọ ò rí i, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn rí i. Ìyàwó titun ni àwọn, àwọn ń wá bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi. Ibi tí àwọn ti ń wá a ni ọkọ̀ ti bọ́ sínú odò. "Oyún wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, Fúnmi. Ẹ̀gbọ́n Bóyè ni ì bá jẹ́."

Wọ́n ní Láyíwọlá ní òun ti fojú ara òun rí i, òun ò mú ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn náà fọwọ́ sí i, kí n dìde lórí eékún. Wọn ò dágbére. Fóònù já.

Bàbá Zion ń pè mí láti pálọ̀, ó ń béèrè ta ni. Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, mo dìde. Mo ní Màmá ni. Mo ní wọ́n ní ẹ ò lọ síbì kankan.